Màmá kò sùn, ọmọ kò sùn, èmi náà kò sùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáTóbi_Mọ̀wé (Ọjọ́ Ajé, 11:48 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i. Lónìí, ó kàn mí.

Lóru àná, aago méjì ààbọ̀, mo dúró níwájú fìríìjì nínú òkùnkùn, wọ́n ti mú iná lọ. Ìgò oògùn ikọ́ ọmọ mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ mi wà lọ́wọ́ òsì. Mi ò mọ èwo ni ti ta mọ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé díẹ̀ kí n tó rántí o. Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ fi sunkún tán tó sì sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé mo ti tẹ hóró méjì jáde lára oògùn Màmá. Ta ni mo fẹ́ fún? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí di ìsinsìnyí.

Kí ẹ lè mọ bí ilé wa ṣe rí: Mọ̀wé là ń gbé. Iṣẹ́ akáǹtì ni mò ń ṣe ní Ìkẹjà, ọkọ mi ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ là ń jí, nítorí ẹni tí aago mẹ́fà bá bá tí kò tíì kọjá ọjà màlúù Kárà, òun àti àwọn màlúù ibẹ̀ ni wọ́n jọ máa wo ara wọn títí oòrùn á fi ràn. Ọmọ mẹ́ta la bí: ẹni ọdún 12, ẹni ọdún 8 àti ẹni ọdún 3. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 76, wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà òjò èṣí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kò ṣiṣẹ́.

Bàbá tó bí mi wà ní Ìkìrun. Wọ́n ti lé lẹ́ni 80, iyè wọn sì ti ń rá. Lóṣù tó kọjá, wọ́n jáde nílé láfẹ̀mọ́jú, inú gáréèjì la ti rí wọn. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n gbé báàgì, wọ́n ní àwọn ń lọ kọ́ kíláàsì kẹfà ní Ìlá. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àbúrò mi obìnrin ló wà pẹ̀lú wọn. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí, á máa sunkún, mi ò sì lè sọ fún un pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú tèmi ni.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má bá mi bú u. Owó ilé ìwòsàn, òun ló ń san án. Lóru Àìkú, òun ló ń dìde sí Màmá. Àmọ́ àwọn òru tó kù, èmi ni. Màmá á pè mí, ọmọ á pè mí, bó bá di aago mẹ́rin ààbọ̀, fóònù náà á pè mí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Màmá tọ̀ sára lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan, mo sì pariwo mọ́ wọn. Ìyá tó bí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má bínú, kì í ṣe ẹjọ́ mi." Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún mi.

Èmi àti ọkọ mi kì í jà. Ká tiẹ̀ máa jà ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín wa kò ju "ṣé o ti san owó iléèwé" àti "ṣé pámpásì Màmá ti tán" lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mò ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ, tẹ́ ẹ ní òbí, tẹ́ ẹ sì ń lọ síbi iṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Àdùkẹ́_Agége (12:10 òru)

Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń bi ara mi pé ta ló ròyìn ilé mi fún obìnrin yìí. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan. Èmi máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó lè wọlé. Àwọn ọmọ rò pé ìpè ni mò ń dáhùn.

Ọmọlúàbí_Ìjẹ̀bú (5:32 ìdájí)

Ẹ máa bínú sí mi o, òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá mi bí, ó sì tọ́jú ìyá bàbá mi lórí ẹní fún ọdún mẹ́fà. Kò sí pámpásì, kò sí fìríìjì, a ò sì gbọ́ ọ kó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ìwòyí ti rọ̀ jù.

Ìyá_Aláró (6:05 àárọ̀)

Ọmọlúàbí, mo kí ẹ. Jẹ́ kí n bi ẹ́ léèrè. Lágboolé yín nígbà náà, èèyàn mélòó ló ń sùn níbẹ̀? Ìyàwó ilé mélòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mélòó, ọmọ ìyá mélòó ló lè yí ìyá àgbà sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ìyá rẹ bá lọ sọ́jà? Ṣé aago mẹ́rin ààbọ̀ ni òun náà ń jí, kó tó wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ọ̀gá tún máa béèrè ìròyìn ìparí oṣù lọ́wọ́ rẹ̀? Wọn ò lágbára jù wá. Wọ́n pọ̀ jù wá ni.

Òkété tó o sì dárúkọ yẹn, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun kó sùn kí ọmú ọ̀hún tó ní wàrà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà_Ẹ̀gbá (7:40 àárọ̀)

Ìyá Tóbi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti oògùn, torí òun ló lè pààyàn lálẹ́ òní.

Má jẹ́ kí oògùn ọmọ àti ti Màmá wà níbì kan náà mọ́. Ti ọmọ, yàrá tìẹ. Ti Màmá, inú agolo bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè tó. Ra ike oògùn olójú méje, ojú kan fún ọjọ́ kan, wọ́n ń tà á ní kẹ́mísì. Ọ̀sán Àìkú ni kó o máa pín in, ní ojúmọmọ, nígbà tí ojú rẹ dá. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá gbogbo oògùn Màmá lè bọ́ sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Láago méjì òru, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa tẹ oògùn jáde nílé yìí. So tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lóru kan: mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ṣúgà. Ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ ojú ara. Jẹ́ kí wọ́n mu omi dáadáa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó wá dínkù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Má fi omi dù wọ́n tìtorí pé kí ìtọ̀ lè dínkù. Mo ti rí i rí, ilé ìwòsàn ló ń gbéni lọ.

Bí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n jókòó dáadáa, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, ọ̀gì tó ṣàn jù ló sì ń tètè gba ibi tí kò yẹ lọ.

Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, wákàtí méjì-méjì la kọ́ wa pé ká máa yí i. Bí o bá ń wẹ̀ wọ́n, wo gìgísẹ̀, wo ìdí, wo egungun ìbàdí. Ìwé máa ń sọ pé kẹ́ ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára àwa tá a dúdú, ó lè má pọ́n o. Ó lè kàn dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, kó gbóná tàbí kó le lábẹ́ ìka. Egbò ibẹ̀ rọrùn láti dènà ju láti wò lọ. Bí owó bá wà, ibùsùn atẹ́gùn tó ń fẹ̀, tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè sùn pẹ́ díẹ̀ láàárín ìyípadà kan sí èkejì. Dókítà ló máa sọ bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó.

Ó wá ku ìwọ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé túmọ̀ irú rírẹ̀ yìí: kí agbára tán lára èèyàn, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣe tàbí kó máa kórìíra rẹ̀, kó sì dà bíi pé kò lè ṣe é dáadáa mọ́. Wọ́n ní ti ibi iṣẹ́ oṣù nìkan ni. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì bá ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ gbélé rí.

Ní wọ́ọ̀dù, ọ̀nà mẹ́ta là ń pín iṣẹ́ sí: àárọ̀, ọ̀sán, òru. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣe òru, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ láàárọ̀. Ìwọ nìkan lò ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ariwo tó o pa mọ́ Màmá, mi ò ní ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà rẹ ló pariwo, àìsùn ni. Ẹ má tíì pín owó, ẹ má tíì pín ẹ̀bi. Òru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pín.

Bàbá_Ìbejì_Ọ̀tà (12:15 ọ̀sán)

Kí n sọ tèmi, kí ìyàwó mi má mọ̀ pé èmi ni. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa fún ọdún méjì àtààbọ̀ kí wọ́n tó sùn. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣebí mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́." Mo gbàgbọ́ pé ọkọ rere ni mí. Ó wá lọ síbi ìsìnkú ní Ìlọrin fún ọjọ́ márùn-ún. Lóru kejì ni mo mọ̀ pé ìyá mi máa ń jí láago kan, aago mẹ́ta àti aago mẹ́rin kọjá ogún. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń sùn nínú ilé yẹn tí mi ò gbọ́. Kì í ṣe pé etí mi di. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á dìde ni.

Nígbà tó dé, mo jókòó, mo rò ó. Ìyá ta ni? Ìyá mi ni. Ìyàwó mi ló ń ràn mí lọ́wọ́, kì í ṣe èmi ni mò ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí àwa ọkùnrin kì í sọ. Ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ rí ìhòòhò ìyá wa, àwọn ìyá náà kò sì fẹ́. Òun la fi ń sá. A wá ọgbọ́n sí i: ìró kan máa ń wà lórí wọn ní gbogbo ìgbà, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń yọ pámpásì, n óò gbé ojú sí ògiri, n óò máa bi wọ́n ní ìtàn ìgbà tí wọ́n ń ta gàrí ní Ìfọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú kò tì wá mọ́. Àwọn ìtàn yẹn, ibòmíì kọ́ ni mi ò bá ti gbọ́ wọn.

ÌyáTóbi_Mọ̀wé (10:20 alẹ́)

Ẹ ṣeun o. Mo ra ike oògùn náà lónìí ní Bẹ́gà.

Ẹnì kan bi mí nínú ìfiránṣẹ́ bóyá ọkọ mi nìkan ni Màmá bí. Rárá o. Àwọn mẹ́rin ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Lẹ́kkí, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà ní Houston, àbígbẹ̀yìn wà ní Ìbàdàn. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, mi ò ní purọ́. Gbogbo wa la wà lórí WhatsApp kan náà. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá kò sùn mọ́jú, wọ́n á ní "Ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Wọ́n á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́rin tì í. Tí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní ìyàwó yìí ti ń kọ ìyá àwọn.

Màmá_Ọjà_Ọba (11:02 alẹ́)

Ọmọ mi, ìyàwó ilé kì í pe ìpàdé ẹbí ọkọ. Bó o bá pè é, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé o fẹ́ lé ìyá wọn. Ọkọ rẹ ni kó pè é. Ọkọ rẹ ni kó sọ̀rọ̀. Ìwọ, wà ní kíṣìnì, kó o máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kó má sọ fún wọn pé ó ń rẹ̀ yín. Àdúrà ni wọ́n máa gbà. Kó mú páálí, kó kọ òru méje sí i, Ajé títí dé Àìkú, kó sì kọ orúkọ ẹni tó dìde síwájú òru kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó gbé e síwájú fóònù kí gbogbo wọn rí i. Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Ibi tí nǹkan ti máa ń bà jẹ́ ni pé ọkùnrin kì í lè dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà. Kó dákẹ́.

Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi owó rẹ̀ ra òru tirẹ̀. Owó kì í dìde lóru yí èèyàn padà, ẹni tí wọ́n bá fi owó gbà ló ń dìde.

Rónkẹ́_Manchester (11:47 alẹ́)

Èmi ni ẹ̀gbọ́n òkè òkun tí ẹ ń bú. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gan-an ni mò ń ṣe níbí. Bí mo bá fẹ́ gbé bàbá òyìnbó kan tí kò lè dìde kúrò lórí ibùsùn, èmi àti ẹnì kejì ni, ẹ̀rọ ìgbéni sì wà níbẹ̀. Bí mo bá dá a gbé, wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Bí àkókò mi bá pé, mo ti lọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fowó ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo sì ń bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ máa ń le lórí fídíò.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó gbogbo ìsinmi mi jọ, mo lọ sílé. Èmi tí mo ń yí àwọn ọlọ́mọ ọlọ́mọ láti ọdún yìí wá, mi ò tíì yí ìyá tó bí mi rí. Òru kẹta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá wọn, mò ń sunkún. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀."

Láti ìgbà náà, owó mi ti ní orúkọ. Òru Ẹtì àti òru Àbámẹ́ta ni. Obìnrin kan ń wá, èmi ni mò ń sanwó fún un, àbúrò mi sì ń sùn ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024 tó fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú ẹbí tó nílò ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Wọn ò ní sanwó rẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kan náà sàn ju òfo lọ.

Tìjání_Atlanta (2:15 òru)

Ti Amẹ́ríkà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin ọdún 1993 fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láìsanwó láti tọ́jú bàbá tàbí ìyá rẹ tí àìsàn ńlá ń ṣe, bí iléeṣẹ́ rẹ bá tóbi tó, tó o sì ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ìyá ọkọ kò sí nínú rẹ̀. Bàbá ìyàwó kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ ẹni tó bí ẹ, wọn ò mọ ẹni tó ń yí ìyá àgbà lóru.

Akọ̀wé_Ọ̀gbà (8:30 àárọ̀)

Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni mo wà. Òfin Iṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, fún ìsinmi ọdún, ọjọ́ 12 fún àìsàn ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ. Ìsinmi láti tọ́jú òbí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa bẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má fi ẹnu bẹ̀, ẹ fi ìwé bẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun pàtó: "mo fẹ́ ṣiṣẹ́ láti ilé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún oṣù mẹ́ta." Ọ̀gá tó gbọ́ pé "nǹkan ò rọrùn nílé" kò ní mọ ohun tó máa fún yín.

Ẹ tún yẹ ètò adójútòfò ìlera yín wò. Ètò ti ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ gba òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òbí kò sí nínú iye yẹn, àfi kẹ́ ẹ san àfikún. Ẹ béèrè, torí wọn kì í sọ ọ́ tí ẹ kò bá béèrè.

Ọmọ_Ìdíkàn (9:12 àárọ̀)

Gbogbo yín gbàgbé Bàbá Ìkìrun. Bàbá mi ṣe irú ẹ̀ kí wọ́n tó jáde láyé. Wọ́n sọ fún wa pé ayé ló ń ṣe wọ́n, a náwó káàkiri kí a tó mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kí iyè àgbà rá ni. Kẹ́ ẹ mọ̀, àdúgbò tiwa ní Ìdíkàn, nílẹ̀ Ìbàdàn, ni àwọn dókítà UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa rẹ̀ lọ́dún 1992, tí wọ́n fi àwọn àgbà wa wé àwọn adúláwọ̀ tó wà ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2001, iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dọọdún nílẹ̀ Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe ogbó lásán.

UCH ní ilé ìtọ́jú àgbà, wọ́n ṣí i lọ́dún 2012, ẹni ọdún 60 sókè ni wọ́n ń gbà. Ẹ gbé Bàbá lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá jà. Nígbà míì, oògùn míì tí wọ́n ń lò ló ń dà wọ́n lórí rú.

Nílé: má bá wọn jiyàn pé wọ́n ti fẹ̀yìntì. Béèrè orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì náà. Fi káàdì tí nọ́ńbà àbúrò rẹ wà lára rẹ̀ sínú àpò kóòtù yẹn, rán an mọ́ ọn. Sọ fún àwọn ará gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń jí lọ sí mọ́sálásí láfẹ̀mọ́jú. Gbé ìdè ilẹ̀kùn lọ sókè níbi tí ojú wọn kì í dé, ṣùgbọ́n ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nìkan láéláé. Ra bọ́ọ̀dù dúdú kékeré kan àti ṣọ́ọ̀kì.

Alájọ_Sángo (1:05 ọ̀sán)

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ẹni tó máa tọ́jú Màmá, ẹ má gba ọmọdébìnrin. Ọmọ ọdún 14 kò lè gbé àgbà, kò sì yẹ kó gbé e, iléèwé ló yẹ kó wà. Èmi gba opó kan tó ti lé ní 45, tó ti tọ́jú ìyá tirẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé òru ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe aṣọ fífọ̀, kì í ṣe ọmọ mímú lọ sí iléèwé. Ibi tí wọ́n ti ń sá lọ nìyẹn, a ó ní kó kàn bá wa ṣe kiní yìí, kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti di ẹrú.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, Ìyá Tóbi. O ní àkọ́bí rẹ jẹ́ ọmọ ọdún 12. Má jẹ́ kó di nọ́ọ̀sì. Kó bu omi fún Màmá, kó bá wọn ṣeré ayò. Òru kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹlẹ́nu_Ṣónṣó (4:50 ìrọ̀lẹ́)

Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ilé arúgbó. Àwọn Àgùdà ní ọ̀kan ní Muṣin, Regina Mundi, ó ti pẹ́. Àwọn míì tún ti wà. Mi ò ní kí Ìyá Tóbi gbé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé àwa tá à ń bú ẹni tó gbé òbí rẹ̀ lọ síbẹ̀, àwa kan náà ni a kì í lọ kí òbí tó wà nílé.

Ọmọlúàbí_Ìjẹ̀bú (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ilé arúgbó kọ́ nilé Yorùbá. Àmọ́ mo pe ìyá mi láàárọ̀ yìí, mo bi wọ́n nípa ọdún mẹ́fà yẹn. Wọ́n ní àwọn mẹ́rin ló ń pín in. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

ÌyáTóbi_Mọ̀wé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 9:30 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì kọ tirẹ̀, mo gbé fóònù fún ọkọ mi, mo lọ da omi sí ẹ̀wà. Ó kà á tán, kò sọ nǹkan kan. Lóru yẹn, Màmá pè mí, kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ti dìde.

Ó pe ìpàdé. Páálí bisikíìtì ló lò. Òru mẹ́fà ni orúkọ mi wà níwájú rẹ̀. Màmá Ọjà Ọba, ó gbìyànjú, ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ti Houston ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Lẹ́kkí bínú gan-an. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ kí àwọn wá máa sùn ní Mọ̀wé ni, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, wọ́n ní ìgbà tí Màmá ń tọ́jú gbogbo wa kò sẹ́ni tó kọ òru sórí páálí. Wọ́n pa fóònù. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ẹtì, a rí wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Mo mọ̀ pé wọ́n wá láti fi hàn wá pé a ń ṣàsọdùn ni. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ojú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n mu tíì, wọn ò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, èló ni wọ́n ń gbà?"

Bó ṣe wà báyìí: ẹni tá à ń sanwó fún ní òru Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, Lẹ́kkí àti Houston ló ń san án. Ọkọ mi ní Ẹtì àti Àìkú. Àbámẹ́ta, èmi àti àbígbẹ̀yìn Ìbàdàn là ń gbà á láàrọ̀ọ̀wọ́tó, ó ti pa ọ̀kan jẹ́. Obìnrin àkọ́kọ́ tá a gbà sá lọ lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀bi wa ni, a ní kó bá wa ṣe ẹ̀bà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì wá láti Ọ̀fàdà, mo ti fi ìwé tí a kọ mọ́ ara ògiri. Ọ̀gá mi kò gbà fún gbogbo Ẹtì, ó fún mi ní Ẹtì kan lóṣù. Màmá ní kòkòrò ojú ara lóòótọ́, wọ́n ti lo oògùn rẹ̀, ìtọ̀ òru ti di ẹ̀ẹ̀kan.

Bàbá mi ní bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́rin ló ń wá lọ́sàn-án, àbúrò mi ní ìṣirò wọn ṣì péye, àfi pé wọ́n béèrè ẹgba. A ò tíì dé UCH.

Èmi àti ọkọ mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀ pámpásì. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo sùn láti aago mẹ́wàá alẹ́. Ọjọ́ kejì jẹ́ ìsinmi gbogbogbò, kò sẹ́ni tó jí mi. Aago mẹ́fà kọjá ni mo là ojú, ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ sí yàrá Màmá. Ọkọ mi ti sùn lọ lórí àga, ó na ẹsẹ̀ sórí ibùsùn wọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Màmá ló la ojú sílẹ̀. Wọ́n gbé ìka ọwọ́ òsì sétè pé kí n má jí i.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ibùsùn atẹ́gùn tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Tiwa máa ń wálẹ̀ bí wọ́n bá ti mú iná lọ.